Bàbá Àgbà Mi àti Jámánì Tó Fẹ́ Mú Òjò Rọ̀

Tèmiladé ọmọ ọmọ mi, gbé fóònù yẹn dání, kí o máa tẹ ohun tí mo bá ń sọ. Má bá mi tún un ṣe. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, a ó lọ sí Oǹdó. Mo ní iṣẹ́ kan tí mo fẹ́ lọ jẹ́ fún bàbá tó bí bàbá mi, níbi tí wọ́n sin ín sí níwájú ilé, iṣẹ́ tó rán mi nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ kékeré. Kí a tó lọ, mo fẹ́ kí ẹ mọ irú ẹni tí mo fẹ́ lọ bá sọ̀rọ̀, torí nínú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ilé yìí n'Íjàpò, èmi nìkan ló fojú kàn án.

Iṣẹ́ náà kò ṣòroó sọ. Bàbá Àgbà ní sinimá kan tí kò ní ìparí. Láti ìgbà tó ti ní in lọ́wọ́ ló ti ń wá ìparí yẹn kiri. Ó ní ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i nínú ìdílé wa, kó wá sọ fún òun níbikíbi tí òun bá wà. Ní oṣù tó kọjá, ìwọ Tèmiladé rí i nínú fóònù. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè jókòó jẹ́ẹ́ láti ìgbà yẹn, tí ìyá rẹ ń bi mí bóyá kòkòrò wọ inú aṣọ mi.

Akínmádé lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá wọ Oǹdó láyé ìgbà náà tí o ní Akínmádé lò ń wá, wọ́n á máa wò ọ́ lójú bọ̀ọ̀. Bàbá Olójò ni kí o béèrè. Ọmọ tó ń rákòrò gan-an á nawọ́ sí ilé rẹ̀.

Kò kàwé, bí èmi náà kò ṣe kàwé. Sítọ̀ kòkó ló ń bójú tó fún Jámánì kan tó ń ra kòkó l'Óǹdó kí wọ́n tó bí mi. Ó ní òyìnbó náà ga bí ọ̀pẹ, ó sì máa ń gbá àpò kòkó mọ́ra bí ẹni tó ń kí ìyàwó rẹ̀ káàbọ̀ láti oko. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá mú un lọ. Bí ó ṣe ń wọ ọkọ̀ lọ, ó nawọ́ sí igun sítọ̀, ó ní, "Akin, bá mi tọ́jú ìyẹn." Àpótí igi kan ni.

Bàbá tọ́jú rẹ̀. Ogun parí, òyìnbó kò padà. Ó tún dúró sí i. Nígbà tó wá dá a lójú pé ẹni náà kò ní í wá mọ́, ó ṣí àpótí. Ẹ̀rọ dúdú kan ló wà nínú rẹ̀, ó ní ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí i bí ẹ̀rọ tí à ń fi lọ ẹ̀gúsí. Àwọn agolo pẹlẹbẹ tí wọ́n ká fíìmù sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Agolo tó gbẹ̀yìn ṣófo. Bàbá gbọ̀n ọ́n, ó gbé e sí etí, ó tún gbọ̀n ọ́n. Ó máa ń sọ fún wa pé, "Jámánì gbé ilé fún mi, ó mú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lọ."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí sinimá ṣe rí fún yín, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìka kan wo gbogbo nǹkan. Ìgbà tí wọ́n bá ti kó kòkó tán nínú sítọ̀ ni, ní ọ̀sán Sátidé, tí oòrùn mú gan-an. Bàbá á ti gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé, á fi àpò kòkó tó ti gbó dí gbogbo ibi tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà wọlé. Á ta aṣọ funfun sára ògiri. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ìyá àgbà ni aṣọ náà, ìyá àgbà á sì máa pariwo láti ẹ̀yìnkùlé pé, "Ẹ tún ti gbé bẹ́ẹ̀dì mi lọ ibi iṣẹ́!" Bàbá á tan iná gáàsì sínú ẹ̀rọ, sítọ̀ á máa rùn fún kòkó àti kẹrosíìnì pọ̀. Kò gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àpótí ìjókòó rẹ ni wàá gbé lórí wá láti ilé. Bí o kò bá gbé àpótí wá, á ní, "Dúró bẹ́ẹ̀, òjò náà ṣì wà lórí ìdúró."

Nínú sinimá náà, ọkùnrin kan wà tí irun rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n da orí rẹ̀ kodò. Bàbá sọ ọ́ ní Orí-Ìgbálẹ̀. Orí-Ìgbálẹ̀ fẹ́ ṣe ẹ̀rọ tí á máa mú òjò rọ̀. Ó kọ́ ilé irin gíga kan sí àárín ìlú. Kẹ̀kẹ́ ń yí nínú kẹ̀kẹ́, iná ń fò láti orí irin kan bọ́ sórí èkejì bí ọ̀bọ, èéfín ń jáde níbi tí kò sí iná rárá. Bọ́tìnnì tó wà lára ẹ̀rọ yẹn pọ̀ ju èyí tó wà lára aṣọ bíṣọ́ọ̀bù lọ. Aago ńlá kan tún wà lára rẹ̀ tí kì í sọ aago, bí òjò ṣe jìnnà tó ló ń sọ. Gbogbo èèyàn inú rẹ̀ ló ń sáré. Wọ́n ń sáré lọ, wọ́n ń sáré bọ̀, wọ́n ń ṣí fìlà fún ara wọn, wọ́n tún ń sáré lọ.

Ṣé o mọ ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín jù? Ẹ̀rọ tó ga ju ilé ìsìn lọ yìí, kẹ́tùrù tíì kékeré kan ni Orí-Ìgbálẹ̀ fi ń fún un lómi! Á gun àkàbà lọ sókè pátápátá, á da omi kẹ́tùrù sí ihò kan báyìí, ṣìín, á nu ẹnu ihò náà pẹ̀lú áńkáṣíìfù, á tún sọ̀kalẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ á rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi ṣubú lórí àpótí. "Ó ń wá òjò, ó ń bu omi fún ẹ̀rọ!" Bàbá kì í rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Á kojú le, á ní, "Ẹ dákẹ́. Ohun tó máa tọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mu."

Sinimá náà kò sọ̀rọ̀. Ìwé Jámánì ló máa ń jáde láàárín, Bàbá á sì kà á fún wa, òun tí kò lè ka orúkọ ara rẹ̀. Á fi ọ̀pá tọ́ ìwé náà láti ọwọ́ ọ̀tún lọ sí ọwọ́ òsì, á wú ikọ́, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn Oǹdó sọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìwọ Tèmiladé lo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé ọwọ́ òsì ni wọ́n ti ń kà á wá sí ọwọ́ ọ̀tún. Kò sí ẹni tó mọ̀ nígbà náà. Ó ní obìnrin tó kun ojú dúdú bí ẹni tó da ìkòkò tìróò sójú, ìyàwó Orí-Ìgbálẹ̀ ni. Ó ní ọkùnrin oníkùn ńlá tí ń mu sìgá, ọ̀tá rẹ̀ ni. A gbà á gbọ́. Nígbà tí oníkùn bá yọjú, gbogbo sítọ̀ á hó lé e lórí.

Bí inú Bàbá bá dùn, á yí ẹ̀rọ kíákíá, àwọn èèyàn á máa sáré bí èèrà tí wọ́n da omi gbígbóná sí. Bí ọwọ́ bá ń ro ó, ìyàwó á máa sunkún wọ́ọ́rọ́wọ́, omijé kan á gba ìgbà kó tó dé àgbọ̀n. Nígbà mìíràn á dédé yí i sẹ́yìn. Hà! Èéfín sìgá á padà wọ ẹnu oníkùn, omi á fò jáde látinú ẹ̀rọ padà sínú kẹ́tùrù, Orí-Ìgbálẹ̀ á fi ẹ̀yìn gun àkàbà. Àwọn obìnrin á máa bẹ̀ ẹ́ pé, "Bàbá, ẹ dákun, oyún wà níkùn mi!"

Ní ìparí agolo tó kẹ́yìn lọ́wọ́ Bàbá, Orí-Ìgbálẹ̀ á di ọ̀pá irin ńlá kan mú, gbogbo ìlú á gbójú sókè, ìyàwó á fọwọ́ lérí, ọwọ́ aago á máa gbọ̀n, ó kù díẹ̀ kó fa ọ̀pá náà... fíìmù á tán. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì á funfun gbòò. Ṣé òjò rọ̀ ni, àbí kò rọ̀?

Ibẹ̀ ni Bàbá á ti dìde. Bí ìlú tí wọ́n bá pè é lọ bá ṣe rí ni ó ṣe ń parí rẹ̀. L'Óǹdó, òjò á rọ̀ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, oníkùn á yọ̀ ṣubú sínú ẹrẹ̀. Ní Ìgbàrà-Òkè, tó jẹ́ ọjọ́ ọjà lọ́jọ́ tó lọ, òjò á kọ́kọ́ dúró kí àwọn ọlọ́jà palẹ̀ mọ́. L'Ákùúrẹ́ níbí, bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ pé òjò dé, ni òjò gidi bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù sítọ̀ gbìgbìgbì! Àwọn èèyàn dìde, wọ́n ń kígbe, wọ́n ń dì mọ́ ara wọn. Ọjọ́ yẹn ló di Bàbá Olójò. Láti ìgbà náà, bí ẹnì kan bá fẹ́ gbéyàwó, àwọn ẹbí á wá kúnlẹ̀ sílé wa pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yí ẹ̀rọ lọ́jọ́ Sátidé yìí." Á dá wọn lóhùn pé, "Ẹ lọ gbéyàwó yín. Màá dè é mọ́lẹ̀."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ dàgbà, Bàbá Kátíkíìsì, ń bá a jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́jọ́ Àìkú á wàásù pé Ọlọ́run nìkan ló ń rán òjò. Tó bá di Sátidé, òun ló máa kọ́kọ́ gbé àpótí dé, iwájú pátápátá ni yóò jókòó sí.

Bàbá á ní, "Kátíkíìsì, ẹ̀yin náà nìyẹn?"

"Mo wá ṣọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni."

"Ẹ súnmọ́ ọn dáadáa, kó má baà sá mọ́ yín lọ́wọ́."

"Akin, ta ló fún ọmọ èèyàn láṣẹ òjò?"

"Kò tíì rọ̀ ná. Bó bá rọ̀, ẹ wá mú un."

Ní Ìjàrẹ ni mo ti kọ́kọ́ rí ẹ̀rù lójú Bàbá. Wọ́n pè é pé kó wá ṣe sinimá fún wọn, ó sì mú mi dání. Ikọ́ ń ṣe é lọ́sẹ̀ náà, ohùn rẹ̀ ti há. Ó yí i débi tí aṣọ ti funfun, ó dìde, kò wá ìparí tó gùn. Ó rẹ̀ ẹ́ ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kàn ní, "Orí-Ìgbálẹ̀ bá jí. Àlá ló ń lá." Ó jókòó.

Ìyá arúgbó kan dìde tòun ti àpótí rẹ̀. "Àlá kẹ̀? Mo fi oko mi sílẹ̀ wá wo ẹni tó ń sùn?"

Àwọn yòókù náà gbé àpótí wọn, mo rò pé wọ́n fẹ́ máa lọ ilé. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n tò wọ́n sí, wọ́n jókòó lé wọn, wọ́n káwọ́ gbera. A kò ríbi kọjá. Olóyè kan sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Bàbá Olójò, ẹ padà sídìí ẹ̀rọ. Ẹ dá ọkùnrin yẹn padà sórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sì jí i dáadáa lọ́tẹ̀ yìí."

Bàbá tún ká gbogbo fíìmù padà, ó tún yí i láti ìbẹ̀rẹ̀, tòun ti ikọ́. Òjò tó rọ̀ lọ́tẹ̀ yẹn ṣí òrùlé ilé oníkùn, ó gbé sìgá rẹ̀ lọ sí odò. Ìjàrẹ jó. Iṣu tí wọ́n fún wa kún ọkọ̀ bọ̀lẹ̀kájà débi pé orí iṣu ni mo jókòó sí dé ilé. Bàbá fẹnu sí mi létí, ó ní, "Ọma mi, a ò ní í pe àlá mọ́. Àlá kì í mú iṣu ta." Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sínú agolo ná, mo ṣì ń bọ̀ wá mú un.

Ẹ lè máa rò ó pé òpùrọ́ ni. Ẹ gbọ́ èyí. Ọdún kan wà tí ọ̀dá mú wa. Ebè là, ewé kòkó ká jọ bí etí ajá, àwọn obìnrin ń fi igbá ha ìsàlẹ̀ odò. Àwọn àgbẹ̀ kó ara wọn jọ wá sílé wa, wọ́n fa ewúrẹ́ kan lọ́wọ́. Kátíkíìsì wà lẹ́yìn wọn, ó ń wo ilẹ̀. Wọ́n ní kí Bàbá gbé ẹ̀rọ lọ sí oko, kó yí i níbẹ̀, kí òjò lè rọ̀.

Bàbá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rò pé eré ni. Nígbà tó rí i pé ẹnikẹ́ni kò bá òun rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ yí padà. Ó wọlé, ó gbé ẹ̀rọ jáde sínú oòrùn, ó tẹ́ ẹní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u palẹ̀. Ó tú dígí, ó tú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó tú ilé iná. Ó fa fíìmù jáde, ó na án sókè sí oòrùn, ó ní kí wọ́n wá wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Orí-Ìgbálẹ̀ tò síbẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹyin aláǹgbá, kẹ́tùrù rẹ̀ lọ́wọ́. Àgbẹ̀ arúgbó kan fi ahọ́n kàn án. Bàbá bi í pé, "Ṣé omi wà níbẹ̀?" Ó ní, "Gbígbẹ ni."

Bàbá wá sọ̀rọ̀ tí mi ò lè gbàgbé títí mo fi máa kú. Ó ní, "Ẹ̀yin ará mi, mo lè purọ́ fún ojú yín. Mi ò ní í purọ́ fún iṣu yín."

Ó ní kí wọ́n fa ewúrẹ́ wọn lọ sílé. Ó gbé ṣọ́bìrì, ó tẹ̀lé wọn lọ gbẹ́ ìsàlẹ̀ odò náà títí omi fi yọ, ó dọ̀tí o, ṣùgbọ́n omi ni. Òjò dé nígbà tó wù ú. Mo rò pé kò sẹ́ni tó máa wá wo sinimá mọ́, nígbà tí gbogbo wọn ti rí inú rẹ̀. Kátíkíìsì ló wá, ó dúró lórí ẹní tí wọ́n tú ẹ̀rọ sí, ó wò ó títí, ó ní, "Akin, tún un tò o. Sátidé ń bọ̀."

Ó tún un tò. Irin kékeré kan ṣẹ́kù lórí ẹní tí kò mọ ibi tó ti wá. Láti ọjọ́ náà, bí Orí-Ìgbálẹ̀ bá ń rìn, á máa ta bí ọ̀pọ̀lọ́. Ìyẹn tún wá dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Gbogbo òyìnbó tí Bàbá bá pàdé ló ń bi léèrè ìparí. Òyìnbó kan tó wá ṣe títì dúró lẹ́bàá ilé wa, Bàbá sáré bá a, ó mú ọ̀gbufọ̀ dání, ó ní kó bá òun bi í bóyá òjò náà rọ̀. Òyìnbó wo ojú ọ̀run, ó ní bóyá tó bá di ọ̀la. Bàbá padà wálé tìbínú-tìbínú, ó ní, "Ẹni tí wọ́n bí sí ilẹ̀ sinimá, tí kò wo sinimá!"

Nígbà tó dùbúlẹ̀ àìsàn tó gbé e lọ, fíìmù ti gbó, ó ti já wẹ́wẹ́. Ó pè mí sún mọ́ ibùsùn.

"Ọma mi, ṣé òjò yẹn rọ̀ ṣá?"

"Bàbá, mi ò mọ̀."

"Èmi náà ò mọ̀. Mo ti mú un rọ̀ fún gbogbo ìlú, ẹ̀kán kan kò kàn mí lára. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i, kó wá sọ fún mi. Bó bá ṣe rí gan-an ni kí ẹ sọ ọ́. Ẹ má fi irọ́ mú inú mi dùn."

Mo ní, "Ẹ ó gbọ́ ọ, Bàbá." Bí mo ṣe tọrùn bọ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Ó wá di oṣù tó kọjá. Tèmiladé ń tẹ fóònù, mo ń fi ìtàn kẹ́tùrù yà á lẹ́nu. Ló bá kọ ohun tí mo sọ sínú fóònù: irun bí ìgbálẹ̀, ilé irin, kẹ́tùrù. Ó ní àwọn kan wà ní Jámánì tí wọ́n ń tún fíìmù àtijọ́ ṣe, tí wọ́n ń gbé e síbi tí gbogbo ayé ti lè wò ó. Ó na fóònù sí mi. Mo rí irun yẹn. Mo kígbe, "Orí-Ìgbálẹ̀!" débi pé ọlọ́dẹ sáré wá kan géètì bóyá olè ti wọlé.

A wò ó. Fóònù ń yí ìwé Jámánì sí Gẹ̀ẹ́sì, Tèmiladé ń yí Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá. Ẹ wá wo nǹkan! Obìnrin olójú tìróò kì í ṣe ìyàwó rẹ̀, àbúrò rẹ̀ ni! Bàbá ti so tẹ̀gbọ́n-tàbúrò pọ̀ bí ọkọ àti ìyàwó níwájú Kátíkíìsì. Oníkùn tí gbogbo Oǹdó ń hó lé lórí, òun ló ń ra irin fún un. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nínú fóònù.

A wá dé ibi ọ̀pá irin. Mo fa fóònù sún mọ́ ojú. Ọ̀tẹ̀ yìí, aṣọ kò funfun. Orí-Ìgbálẹ̀ fa ọ̀pá náà, gbogbo nǹkan ṣú... ó sì jí lórí bẹ́ẹ̀dì, irun rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ lábẹ́ fìlà oorun. Àbúrò rẹ̀ wọlé, ó fi kẹ́tùrù yẹn, kẹ́tùrù yẹn gan-an, bu tíì fún un. Oòrùn ń ràn níta. Tèmiladé ní, "Màmá àgbà, wọ́n ní àlá ló ń lá."

Mo rẹ́rìn-ín. Ìró mi tú. Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé àgbọ̀n mi kíákíá, bí ìgbà tí inú Bàbá bá dùn. Ìyá rẹ, Tèmiladé, rò pé ìbànújẹ́ ló dà mí lórí rú. Ó jókòó tì mí, ó ní, "Màmá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá yín o. Gbogbo ayé rẹ̀! Ẹ kàn sọ pé òjò rọ̀. Ta ló máa bi yín?"

Mo ní ó sọ pé kí a má fi irọ́ mú inú òun dùn. Ó ní, "Ṣùgbọ́n yóò dùn ún, Màmá." Láti ọjọ́ náà ló ti ń bẹ̀ mí. Kò mọ̀ nípa Ìjàrẹ. Kò sí ẹni tó mọ̀ mọ́ àyàfi èmi, àti ẹ̀yin báyìí.

Nítorí náà, Tèmiladé, lọ́jọ́ Sátidé, bá mi gbé àpótí mi sínú ọkọ̀. Bí a bá dé Oǹdó, màá gbé e sílẹ̀ lórí táìsì tí wọ́n fi bo sàréè, màá fọwọ́ kàn án bí ẹni kan ilẹ̀kùn sítọ̀, màá ní, "Bàbá, ẹ gbọ́ o, mo ti rí i. Ti Ìjàrẹ ni." Màá wá jókòó, kí n fún un láyè kó rẹ́rìn-ín tó.